Nọ́ọ̀sì Tó Kọ "Kò Sí" Sínú Fọ́ọ̀mù

Aago méjì ọ̀sán lù. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti lọ tán, bẹ́ńṣì ti ṣófo. Màtírọ́nì ilé ìwòsàn ìjọba náà, tí yóò fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀, gbé fọ́ọ̀mù kan sókè.

"Ta ló kọ rádaràda yìí?"

"Èmi ni, mà," ni nọ́ọ̀sì dáhùn.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè fún ipò màtírọ́nì ni. Aago mẹ́rin ọjọ́ náà ni wọn yóò gbà á kẹ́yìn. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé, "Iṣẹ́ wo lo ti darí rí?" nọ́ọ̀sì kọ "Kò sí."

"Mà, àwa ò pọ̀ nílùú yìí. Ẹ̀yà wa ò ṣe olórí níbí rí. Ọkọ mi ló ní kí n kọ fọ́ọ̀mù náà. Mo kọ ọ́ kí etí mi lè sinmi ni."

"Ọkọ rẹ ṣeun. Ìwọ ni o ò ṣeun. Jókòó. Bí ìyá kan bá gba oògùn lọ́wọ́ rẹ, kí lo máa ń ní kó ṣe?"

"Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi bó ṣe máa lò ó. Àwọn ìyá tiwa tí wọn ò gbọ́ èdè ibí dáadáa, 'ẹ ṣé, ẹ ṣé' ni wọ́n máa ń wí. Ẹni tó ń dúpẹ́ lè má gbọ́ nǹkan kan."

"Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo ní o ń fi àkókò ṣòfò. Àbí mi ò sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, mà. Ẹ tún un sọ lọ́sẹ̀ kejì."

"Àṣìsọ ni. Lónìí, nọ́ọ̀sì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ibí ló ń ṣe é fún gbogbo aláìsàn, títí kan ẹ̀yà tèmi. Ta ló kọ́ wọn?"

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Kí wá ni 'kò sí' ń wá níbí?"

Akọ̀wé tó ń dúró de fọ́ọ̀mù bú sẹ́rìn-ín. "Màtírọ́nì, wọn ò ní sọ pé ẹ ń ṣe ojúsàájú?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kó kọ, n kò ní kó kọ irọ́. Ẹni tó bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá bá a du ipò náà."

Nọ́ọ̀sì fa igi lé "kò sí", ó kọ ìlà mẹ́fà. Màtírọ́nì fọwọ́ sí i. Akọ̀wé gbé e lọ kí aago mẹ́rin tó lù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èèyàn márùn-ún ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nọ́ọ̀sì ló gbégbá orókè. Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ yúnífọ́ọ̀mù màtírọ́nì.

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n mú mi?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí o ti gba fọ́ọ̀mù ni mo ti gé aṣọ."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àgékù aṣọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ wò yí ká. Bí ẹni tí ẹ̀yà rẹ̀ kéré bá ń ṣe iṣẹ́ olórí láìjẹ oyè rẹ̀, ẹ sọ fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i. Ìfiṣòfò ni kí a ní ẹni tó mọ iṣẹ́, kí a fi í sẹ́yìn. Ìwọ tí ẹ̀yà rẹ ò pọ̀, gba fọ́ọ̀mù, kí o sì kọ gbogbo iṣẹ́ tí o ṣe síbẹ̀.