Olúyọmí Àti Opó Òkè Ọ̀kà

Ọmọ Ọ̀kà-Àkókó ni Olúyọmí, ṣùgbọ́n Ìkàré ni ó ń gbé pẹ̀lú Gift, ìyàwó rẹ̀, àti Tẹjúmádé, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Yíya fọ́tò ìgbéyàwó ni ó fi ń jẹun, àmọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ni kí ó gbé fíìmù tirẹ̀ jáde, kí orúkọ rẹ̀ tàn ká.

Ó ti kọ ìtàn fíìmù náà tán. Nínú ìtàn náà, obìnrin olówó kan ni ó ń sanwó fún ọmọkùnrin kan kí ó máa bá òun gbé, kí ó máa bá òun jẹun, kí ó máa bá òun jáde. Nígbà tí ó yá, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà àtipa èkejì. Olúyọmí a máa sọ fún àwọn òṣèré rẹ̀ pé, "Ẹni tó bá wo eré yìí, ẹ̀rù á bà á débi pé kò ní lè dá sùn."

Àmọ́ ọwọ́ wọn kò tẹ nǹkan. Kámẹ́rà fíìmù kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ wọn, yíyá ni wọ́n sì yá a. Stephen, ọmọ Ọ̀bà-Àkókó, ni ó ń lò ó fún wọn. Onígbàgbọ́ ni Stephen. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í purọ́.

Ilé ńlá tí wọn yóò ti ya eré náà ni wọn kò rí. Ẹnìkan wá júwe ilé Ìyáàfin Mọ́júbọ́lá fún Olúyọmí, lórí òkè Ọ̀kà, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Opó ni obìnrin náà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Yàrá pọ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, kò sí ènìyàn.

"Ẹ máa lo ilé mi," ni ó wí fún Olúyọmí. "Owó tí ẹ máa fi ṣe é náà, màá gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ yóò máa wá bá mi jẹun. Ìdákẹ́jẹ́ ilé yìí ti fẹ́ pa mí."

"Ṣé oúnjẹ nìkan ni, Mà?"

"Oúnjẹ nìkan kọ́ ni ẹni tó dá wà ń fẹ́."

Olúyọmí rẹ́rìn-ín. Ó rò pé orí òun ló ṣe é.

Oúnjẹ ọ̀sán ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Láìpẹ́, ó di pé kí ó wa ọkọ̀ obìnrin náà lọ sóde. Láìpẹ́, ó di pé kí ó sùn síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í kó ẹrù rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kó o wọlé, títí onílé kò fi ní ríbi dúró sí.

Gift bi í léèrè ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Dádì Tẹjú, fíìmù wo lẹ̀ ń yà tí ẹ fi sùn síbẹ̀, tí kámẹ́rà sì wà nílé Stephen?"

"Má bi mí ní ìbéèrè ọlọ́pàá," ni ó dá a lóhùn, ó sì bá ẹ̀yìnkùlé jáde.

Stephen pàápàá kò dákẹ́. "Ọ̀gá, eré tí à ń ṣe yìí, ẹ ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde." Olúyọmí fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn òṣèré.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú òun fúnra rẹ̀. Kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sọ fún Ìyáàfin Mọ́júbọ́lá pé òun kò ní lè máa wá mọ́. Obìnrin náà da iyán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

"Ọjọ́ tí o bá fẹsẹ̀ kúrò níbí," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi."

Láti ọjọ́ náà ni ìkórìíra ti wọ inú Olúyọmí. Ikọ́ fée ń da obìnrin náà láàmú, bí ó bá sì ti ń wú u, Olúyọmí a máa wò ó, ohun tí kò lè sọ lẹ́nu a sì máa jà gùdù lọ́kàn rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọn yóò ya ìparí fíìmù náà dé. Iná ni ó yẹ kí ó jó ilé obìnrin olówó inú eré náà. Owó ẹ̀rọ tí ń mú èéfín jáde kò sí, nítorí náà wọ́n kó imọ̀ ọ̀pẹ tútù sínú àgbá, wọ́n ṣáná sí i. Èéfín náà pọ̀ bí wọ́n ti fẹ́. Àfi bí afẹ́fẹ́ orí òkè ṣe gbé e wọ fèrèsé yàrá òkè, níbi tí Ìyáàfin Mọ́júbọ́lá ti ń sinmi.

Olúyọmí gòkè lọ mú fìlà tí òṣèré kan yóò dé. Ó bá obìnrin náà nílẹ̀, ó di àyà mú, ọ̀fun rẹ̀ ń súfèé, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó na ìka sí orí tábìlì, níbi tí ínhélà rẹ̀ wà, oògùn tí ó máa ń fín sẹ́nu bí kò bá lè mí.

Olúyọmí mú un. Ó sì dúró.

Ohùn kan sọ sí i lọ́kàn pé: Bí ó bá kú báyìí, èéfín ló pa á. Kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́. Gift kò sì ní gbọ́ láéláé.

Obìnrin náà ń wò ó. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Olúyọmí ti oògùn náà bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Ẹsẹ̀ Stephen dún lórí àtẹ̀gùn. "Ọ̀gá, òòrùn ti ń—" Ó rí obìnrin náà, ó kígbe. "Jésù! Oògùn rẹ̀ dà?"

"N kò rí i," ni Olúyọmí wí.

"Ẹ gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú! Ẹ jẹ́ ká gbé e!"

Bí Olúyọmí ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, oògùn náà yọ́ bọ́ láti inú àpò rẹ̀, ó sì yí dé iwájú Stephen. Àwọn méjèèjì rí i. Stephen mú un, ó fín in sí obìnrin náà lẹ́nu, ó tún fín in, títí èémí fi padà. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn òṣèré gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n sì wà á lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkàré.

Olúyọmí kò bá wọn lọ. Ó gun àpáta ẹ̀yìn ilé náà títí ó fi dé etí rẹ̀, níbi tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ mọ́ bí kò ṣe àwọn òrùlé páànù kéékèèké nísàlẹ̀. Ó ń wí fún ara rẹ̀ pé, "Apànìyàn. Apànìyàn." Ó fẹ́ bẹ́ sísàlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Stephen padà wá. Ó rí bàtà rẹ̀ nídìí àpáta, ó sì gùn ún tọ̀ ọ́ lọ.

"Ó yè," ni Stephen wí. "Ọ̀gá, ẹ kúrò létí ibẹ̀."

"Lọ pe ọlọ́pàá wá mú mi. O rí ohun tí mo ṣe."

"Mo rí i. Ọlọ́run náà rí i."

"Kí ló kù fún mi nígbà náà?" Igbe ni ó fi sọ ọ́. "Ìwé eré ni mo pè é! N kò mọ̀ pé inú ara mi ni mo ti ń kọ ọ́!"

Stephen jókòó sórí àpáta náà. "Èmi náà, bí wọ́n bá tú inú mi síta, ẹ máa sá. Kò sẹ́ni tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí Jésù fi kú. Ìjìyà tó tọ́ sí yín fún ohun tí ẹ ṣe lónìí, Ó ti jẹ ẹ́ lórí igi. Bí ẹ bá bẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ náà á bá yín lọ. Ẹ gbé e fún Un."

"Bí Ó bá dárí jì mí, ṣé obìnrin yẹn máa dárí jì mí? Ṣé Gift máa dárí jì mí?"

"Ìyẹn n kò mọ̀. Ti Jésù nìkan ni mo mọ̀."

Olúyọmí wó lulẹ̀ níbẹ̀. Kò mọ àdúrà kankan tó dára. Ó kàn ń sunkún, ó ń wí pé, "Jésù, èmi ni mo ṣe é. Èmi ni. Ṣàánú mi." Nígbà tí ó dìde, ẹrù tí ó ti ń rù kiri ti kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó jẹ́wọ́.

"Mo rí ọ nígbà tí o fi í sápò," ni Ìyáàfin Mọ́júbọ́lá wí. "Èmi náà ni mo fi okùn sí ọ lọ́rùn. N kò ní pe ọlọ́pàá. Máa lọ, má sì padà wá. Ṣùgbọ́n sọ fún Stephen kó wá bá mi gbàdúrà."

Ibẹ̀ ni Olúyọmí gbà lọ sílé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Gift, kò fi ọ̀kan pamọ́. Gift kò pariwo. Ó di ẹrù rẹ̀, ó mú Tẹjúmádé dání, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú Sósàn. Ní gbogbo ìgbà òjò ọdún náà, bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Olúyọmí a lọ síbẹ̀, a kí àwọn àna rẹ̀, a jókòó síta. Gift kì í yọjú. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó jáde, ó gbé àga dání, ó sì jókòó ní ọ̀ọ́kán rẹ̀.

Fíìmù náà kò parí títí di òní.

Ọ̀rẹ́ mi tí o ń ka ìwé yìí, bóyá ìwọ kò gba owó lọ́wọ́ opó. Bóyá ọwọ́ rẹ kò tíì kan ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ kò sí ẹni tí o ti pa nínú ọkàn rẹ? Ǹjẹ́ kò sí ibi tí o máa ń lọ tí o kò fẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ mọ̀? Olúyọmí rò pé òun yóò jáde nígbà tó bá wu òun. Kò rí ilẹ̀kùn mọ́. Jésù ni ilẹ̀kùn náà, Ó sì ṣí sílẹ̀ fún ìwọ náà. Má ṣe dúró di ìgbà tí ìwà rẹ bá tó dára. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí sápò, sọ fún Un pé, "Èmi ni mo ṣe é. Ṣàánú mi." Òun kì í lé ẹni tó bá wá bẹ́ẹ̀ padà. Wá lónìí.