Kànga Ẹ̀bá Ààlà

Omi inú kànga náà kò dé orúnkún, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni Láwàlì kú sí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí àwọn sójà tún gbàjọba ní ìparí rẹ̀. Àwọn ará Láfẹ́nwá ti ń ṣe àlùwàlá kiri. Láwàlì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jùbrílù, ló jọ ń gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé tí Jùbrílù ń kọ́ lọ́wọ́. Láwàlì sọ̀kalẹ̀ lọ tún ẹ̀rọ tó ń fami gbé kalẹ̀ dáadáa. Ó kọ́kọ́ ń súfèé. Ó ní kí wọ́n dẹ okùn sí i fún òun. Nígbà tí bẹntiróòlù tán nínú ẹ̀rọ tí ariwo rẹ̀ dákẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé súfèé ti tán tipẹ́.

Wọ́n fà á jáde. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò ṣẹ́, ikùn rẹ̀ kò gba omi. Ètè rẹ̀ nìkan ló pọ́n bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì. Jùbrílù tó wọ inú kànga lọ gbé e sì bì kalẹ̀ bó ṣe jáde, orí sì fọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì.

Bùsírátù, ìyàwó Jùbrílù, ló gbé orí òkú náà lé itan. Ọmọ kékeré ni Láwàlì nígbà tó wọlé ọkọ. Òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń pè é ní ọkọ mi kékeré. Obìnrin kan tẹ̀ síwájú láàárín èrò, ó wo ètè òkú, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Wọ́n ti fà á mu."

Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ni wọ́n. Gbogbo ojú ló yí sí òdìkejì ògiri.

Ìyá Dìran ló ń gbé ibẹ̀. Opó ni, aláró ni, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dú dé ìgúnpá. Ìkòkò aró rẹ̀ ńláńlá wà lábẹ́ àtíbàbà, ní ẹ̀bá ibi tí pèrègún fi ààlà sí láàárín ilé rẹ̀ àti ilẹ̀ tí Jùbrílù rà. Sìmẹ́ńtì ni Jùbrílù ń tà. Nígbà tó fẹ́ kọ́lé, ó ní ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì, kí ló kù tó fẹ́ fi bíríkìlà ṣe? Òun àti Láwàlì ló da búlọ́ọ̀kù, àwọn ló gbẹ́ ìpìlẹ̀. Nígbà tó rí i pé yàrá kò ní gba bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, ó jí lówùúrọ̀ kùtù, ó hú pèrègún, ó sì ti ìpìlẹ̀ wọ ilẹ̀ onílẹ̀.

Ìjà ọjọ́ náà kò kúrò létí Bùsírátù.

"Jùbrílù, pèrègún dà?"

"Ẹ lọ bi ewúrẹ́, mà."

"Ewúrẹ́ kì í hú gbòǹgbò. Ẹni tó ń kọ́lé a máa fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri rẹ̀, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rí ibi dà sí, kí òun náà sì rí ibi dúró rẹ́ ògiri náà. Inú ìkòkò aró mi ni o fẹ́ kí omi òrùlé rẹ máa dà sí?"

"Ilẹ̀ mi ni. Mo rà á."

"O ra tìrẹ. O ò ra tèmi." Ìyá Dìran bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dúdú lu ilẹ̀. "Ẹni tó bá jẹ ààlà, ilẹ̀ á jẹ òun náà."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kò ti gún mọ́. Ògiri ẹ̀bá ààlà wó nígbà òjò, wọ́n tún un mọ, ó tún wó. Oyún bàjẹ́ lára Bùsírátù, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Títílọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó ní, ń gbóná lóru. Ní báyìí, ilẹ̀ ti la ẹnu, ó ti gbé Láwàlì mì. Àwọn ènìyàn ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ìsìnkú, òwìwí kan bà lé ojú fèrèsé tí kò tíì ní férémù. Bùsírátù ju òkò sí i, ó fò gba orí ògiri kọjá. Bùsírátù gun orí búlọ́ọ̀kù, ó yọjú. Ohun tó rí mú kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Àwọn obìnrin jókòó yí Ìyá Dìran ká lábẹ́ àtíbàbà, gbogbo wọn ni ọwọ́ wọn dú. Igbá kan wà láàárín wọn, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó ńkọ́?" ni ọ̀kan béèrè.

"Ìyàwó gan-an ló le," ni Ìyá Dìran dáhùn. "Ṣùgbọ́n kò sí bí a ò ṣe ní wọlé náà. Ó di ọ̀la."

Bùsírátù kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ bá Àáfà Sàlàhúdíìnì, tó ń tẹ yanrìn. Àáfà fi ìka fa ilà sínú yanrìn, ó pa á rẹ́, ó tún un fà. Ó ní, "Obìnrin ni. Omi kì í fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

Bùsírátù kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré jáde, ìborí rẹ̀ já bọ́, ó sì fi igbe ta láti ẹnu ọ̀nà Àáfà títí dé àdúgbò wọn: "Ìyá Dìran ni! Àjẹ́ ni! Òun ló pa ọkọ mi kékeré!"

Kí ó tó délé, èrò ti kún ẹ̀yìn rẹ̀. Jùbrílù já igi ṣọ́bìrì yọ. Wọ́n bá Ìyá Dìran níbi tó ti ń sá aṣọ. Wọ́n fi ìró fà á jáde. Jùbrílù fi igi lu ejìká rẹ̀, ó tún un lù, ìyá náà ṣubú sáàárín ìkòkò. Àwọn géńdé fi òkúta fọ́ ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Aró tú jáde, ó ṣàn gba abẹ́ ìyá náà lọ sójú títì, ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ sì ń bá a lọ. Ẹnìkan ta igbá nípàá. Ìrẹsì àti obì fọ́n ká sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ wò ó!" ni Ìyá Dìran ń ké. "Ẹ̀yin la fẹ́ wá kí! Ọ̀fọ̀ la fẹ́ wá kí yín!"

Bùsírátù rí ìrẹsì náà. Ó rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti di àfọ́kù búlọ́ọ̀kù mú. Ó sọ ọ́. Òkò pọ̀ lójú òfuurufú, kò mọ̀ bóyá tirẹ̀ ló bà á. Ó kàn rí i pé ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú òsì, kò sì ké mọ́.

Àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ránṣẹ́ sí Dìran, ọmọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Ewékorò. Jùbrílù ní tirẹ̀ wó àtíbàbà, ó sì mọ ògiri rẹ̀ dé ibi tó wù ú.

"Ó ti tán," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ẹ máa sùn dáadáa báyìí."

Wọ́n fẹ́ rẹ́ ilé, kò sì sí omi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Jùbrílù ní òun fúnra òun yóò parí kànga náà, ẹni tó ń dí i lọ́nà ti lọ. Ó fi okùn sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sínú kànga, ó sì tẹ̀ lé e. Bùsírátù kọ̀ jálẹ̀ pé àfi kí ó so okùn mìíràn mọ́ ìbàdí. Ó so ó, ó ń bú u pé ojo ni. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Omi ń tú jáde lẹ́nu rọ́bà.

"Bàbá Títí, ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí."

Ó tún pè é. Kò dáhùn. Ó fa okùn, okùn wúwo bí ẹni pé àpò sìmẹ́ńtì ló wà nídìí rẹ̀. Omi ṣì ń tú.

Ó yíjú láti kígbe, ó sì rí Dìran lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àdá. Ojú rẹ̀ pọ́n kuku.

"Ọkọ rẹ dà? Ojú ìyá mi ti fọ́. Mo ní ọkọ rẹ dà?"

Bùsírátù na ọwọ́ sí kànga. "Ó ń kú. Ó ń kú lọ níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ pa mí, bá mi fà á jáde ná, kí o tó pa mí!"

Dìran yọjú wò ó. Ó dúró. Bùsírátù rí i lójú rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó kàn yíjú padà kí ó máa lọ. Ló bá ju àdá sílẹ̀, ó pòṣé, ó di okùn mú. Ẹ̀rọ dábùú ọ̀nà, nítorí náà òun ni wọ́n kọ́kọ́ fà. Ó gòkè wá pẹ̀lú ariwo àti èéfín, èéfín náà rọ́ lu Bùsírátù lójú. Orí rẹ̀ yí, ó bì, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Bó ṣe ń bì ló rántí ọkọ rẹ̀ ní Jímọ̀ ọjọ́sí, bó ṣe bì tí orí sì fọ́ ọ. Ó fa wáyà ẹ̀rọ já. Ilẹ̀ dákẹ́.

Wọ́n fa Jùbrílù sókè bí ewúrẹ́ tó kú. Ètè rẹ̀ ti pọ́n. Dìran gbá a láyà, ó gbá a, ó tún gbá a, títí ó fi húkọ́ tó sì la ojú. Dìran ní kó jókòó dáadáa. Nígbà tó jókòó, Dìran di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, ó gbé e lé etí kànga, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí egungun fi ró.

"Mo yọ ọ́ kí n lè rí ẹni bá jà," ló wí.

Ọlọ́pàá mú Dìran. Ìròyìn tàn pé ìyá ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ ló fẹ́ parí ẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan wá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Àgbà tó bí Jùbrílù àti Láwàlì wà níbẹ̀, Àáfà Sàlàhúdíìnì náà wà níbẹ̀, gbogbo àdúgbò sì dúró yí ká. Jùbrílù, apá rẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n so kọ́ ọrùn rẹ̀, tẹ̀ mọ́ etí ìyàwó rẹ̀.

"Sọ pé o rí ẹyẹ. Sọ pé ẹyẹ bà lé etí kànga kí n tó dákú. Bí o bá sọ nǹkan míì, ilé bàbá rẹ ni kí o gbà lọ."

Bùsírátù yẹra kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó mú àgbébọ̀ adìyẹ rẹ̀ jáde, ó fi í sínú apẹ̀rẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn, ó sì sọ ọ́ sínú kànga. Èrò ń kùn pé kí ló ń ṣe. Ó jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló fà á jáde. Adìyẹ ń ké, ó ń gbọn ìyẹ́.

"Ẹ rí i pé ó wà láàyè," ló wí. Ó tan ẹ̀rọ, ó ní kí àwọn ọkùnrin bá òun sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wá sọ apẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Wọ́n gbọ́ igbe adìyẹ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó fa apẹ̀rẹ̀ jáde, adìyẹ ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá gbé e yẹ̀ wò, ó bo imú, ó fi í sílẹ̀. Àáfà Sàlàhúdíìnì ń wo ilẹ̀.

Ìyá Àgbà dìde. Ó rìn dé iwájú ọmọ rẹ̀.

"Jùbrílù. Ta ló ní kí Láwàlì gbé ẹ̀rọ sínú ihò?"

"Èmi ni, Ìyá." Jùbrílù ń wo ẹnu kànga. "Rọ́bà ni kò gùn tó."

Ìyá Àgbà gbá a létí. Ó já gèlè orí rẹ̀, ó fi ń nà án lójú, lórí, lórí apá tó ṣẹ́, ó ń pe orúkọ Láwàlì, Jùbrílù kò sì gbé ọwọ́ sókè láti bo ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó là wọ́n.

Wọ́n tú Dìran sílẹ̀. Bùsírátù lọ sí ọsibítù. Báńdéèjì bo ìlàjì orí Ìyá Dìran, ojú kan tó kù sì tẹjú mọ́ ọn láti ẹnu ọ̀nà títí ó fi kúnlẹ̀.

"Ohùn rẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́," ni ìyá náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni."

"Ògiri ńkọ́?"

"Ìyá Bàbá Títí ti ní kí wọ́n wó o, mà. Wọ́n á dá a padà sí ibi tí pèrègún wà."

"Ẹkún rẹ kò wúlò fún mi. O pariwo mi kiri ìgboro. Lọ pariwo èyí náà."

Ọjọ́ ọjà ni Bùsírátù yàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gáréèjì Láfẹ́nwá, láì borí, ó ń ké pé, "Ìyá Dìran kì í ṣe àjẹ́! Èéfín ẹ̀rọ wa ló pa Láwàlì! Ọkọ mi ló ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú kànga, èmi ni mo parọ́ mọ́ ìyá náà!" Àwọn awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n ń wò ó. Àwọn kan mi orí. Alátẹ kan ní kí ó máa lọ sílé, pé ó ti tó.

Ó dé ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Obìnrin kan gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fa ẹnìkejì rẹ̀ láṣọ.

"Oyún rẹ̀ kì í dúró, àbúrò ọkọ rẹ̀ kú, ọkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, adìyẹ pàápàá kú lọ́wọ́ rẹ̀," ló wí. "Ta ló sọ pé kì í ṣe òun gan-an ni àjẹ́ náà?"

Bùsírátù gbọ́ ọ. Òkò kékeré kan bà á láàárín ẹ̀yìn, ó gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń dìde lórí àpótí. Ẹ̀rù bà á dé inú eegun. Ó gbé ẹsẹ̀, ó sì tún kígbe orúkọ ìyá náà sókè.