Ààrò Tí A Kò Dáná Sí

"Kọ ọ́ pé à ń lò ó." Màmá Àgbà ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ata tó ń já.

Hehua, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, di bírò mú, kò kọ nǹkan kan. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera tó gun òkè wá láti ìlú ń ha ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè kan ló kù nínú fọ́ọ̀mù: ṣé ilé yìí ń lo ààrò ọlọ́nà-èéfín tí ìjọba fún wọn?

Ààrò náà wà ní igun, ìkòkò ewébẹ̀ kíkan ni wọ́n tò lé e. Ó kéré jù láti fi gbẹ àgbàdo odindi oko, òjò òkè yìí kì í sì í dá lásìkò ìkórè. Èédú ilẹ̀ tí wọ́n ń wà lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń dáná rẹ̀ láàárín yàrá, tí àgbàdo àti ata yóò so rọ̀ nínú èéfín. Májèlé èéfín yẹn tó ń wọ inú oúnjẹ wọn ló sọ eyín Hehua di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òun ló tẹ ẹ̀yìn Màmá Àgbà ba. Ará ìlú, tó ń ra ìrẹsì tó ti gbẹ lọ́jà, kò mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí.

"Màmá, olùkọ́ wa ní ká sọ òtítọ́."

"Olùkọ́ yín ló máa bá wa gbẹ àgbàdo? Gbogbo ilé ló ti ní àwọn ń lò ó. Ṣé àwa nìkan la máa wá dọ̀bùn lójú wọn? Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ."

Ìtìjú mú Hehua. Ó kọ "Bẹ́ẹ̀ ni." Mingyan, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo.

Lọ́dún kejì, wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ-àgbàdo ńlá tí kò léèéfín fún abúlé òdìkejì àfonífojì. Hehua sọ̀ kalẹ̀ lọ bá obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera náà ní ìlú.

"Àwa ńkọ́, Àǹtí?"

"Ìwé tiyín ní ẹ ò nílò rẹ̀, ọmọ mi. Owó ti tán."

Ọdún mẹ́rin tún kọjá. Eyín ọmọdé Mingyan ká, tuntun hù, ó pọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò nílé ìwé, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ṣé ó máa ṣí?"

"Kò ní ṣí," ni Hehua wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo kọ 'Bẹ́ẹ̀ ni' sínú fọ́ọ̀mù yẹn."

Mingyan kò mọ ohun tó ń sọ. Òṣì ló dá iná yẹn, kì í ṣe Hehua. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìyà pamọ́ nítorí ojú ayé, ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́.