Oúnjẹ Ọ̀sán Mọ̀dínátù

"Ẹ dákun, ṣé mo lè jókòó jẹun níwájú yín?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Mọ̀dínátù bá Ṣàfíù sọ nìyẹn. Ṣàfíù, oníṣẹ́ iná tó ń na wáyà sí àwọn ilé tuntun ní Gowon Estate, gbójú sókè kúrò lórí àwo rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn bẹ́ńṣì mìíràn ṣófo níbi tí àwọn oníṣẹ́ ti ń jẹun. Ọmọge yìí, táípíìsì ọ́fíìsì tí gbogbo oníṣẹ́ ń wò lẹ́yìn bó bá ń kọjá, ló dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Ṣé kí n máa wò yín ni?" ló béèrè.

"Ẹ má wò mí. Ẹ sáà wà níbẹ̀ títí màá fi jẹ ẹ́ tán. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún dúró díẹ̀ sí i."

Ṣàfíù rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọge náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sún, ó fún un láyè. Mọ̀dínátù jẹ ẹ̀wà náà ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ìwé tó le. Nígbà tó tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an ni. Lucy tá a jọ máa ń jẹun ti gba ìsinmi lọ sílé."

"Ṣé á ti dé lọ́la?"

"Ó di oṣù tó ń bọ̀."

"Èmi náà máa wà níbí lọ́la o," ni Ṣàfíù wí. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ mọ ara yín.

Ọdún FESTAC ni. Owó epo rọ̀bì ti gbòde, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ń wọ́ tẹ̀ léra wọn lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá, kò sì sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní ṣòkòtò bóńgò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ dé ilẹ̀. Ti Ṣàfíù wà nínú àpótí de ọjọ́ ọdún tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kejì tó bá Mọ̀dínátù jókòó ló ti ń wọ̀ ọ́ wá síbi iṣẹ́, tó ń fi í wọ́ ẹrẹ̀ kiri, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Lucy ti ìsinmi dé, ó bá ènìyàn ní ìjókòó rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ jàre.

Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀, wọ́n ti mú "o." Ṣàfíù ti mọ oríkì rẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa pè é bẹ́ẹ̀.

"Àyìnkẹ́," ó wí lọ́jọ́ kan, "kí ló dé tó ò lè dá jẹun?"

Mọ̀dínátù gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo wà nílé ìwé nígbà tí àtọ̀gbẹ mú mi. Abẹ́rẹ́ tí mò ń gún ni mo fi wà láàyè. Ẹ̀rù ba àwọn ará ilé wa. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ìkòkò báyìí, ẹnì kan á ní, 'Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run o!' Wọn ò fẹ́ kí n kú ni. Ṣùgbọ́n mo wá ń bẹ̀rù oúnjẹ bí ẹni ń bẹ̀rù ejò. Mi ò ní jẹ rárá. Tí ebi bá wá borí mi, màá jẹ ní kọ̀rọ̀, ojú á tì mí, màá lọ bì í dànù. Ìgbà mìíràn, mi ò ní gún abẹ́rẹ́ náà. Ọsibítù ni wọ́n gbé mi lọ nígbẹ̀yìn, mi ò mọ ara mi mọ́."

"Ta ló wá tún ọ ṣe?"

"Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan, Màmá Agnes. Ó ní àìsàn méjì ló ń ṣe mí, ọ̀kan nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan nínú ọkàn. Tí mo bá ń tọ́jú ọ̀kan tí mo fi èkejì sílẹ̀, inú ajere ni mò ń da omi sí. Ó ní kí n máa gún abẹ́rẹ́ lásìkò, kí n máa jẹun lásìkò, kí n má sì dá jẹun. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, ara mi ti le. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ṣì máa ń wá."

"Ohùn wo?"

"Èyí tó máa ń ní kí n má jẹ."

Ṣàfíù ti abọ́ ẹ̀wà sún mọ́ ọn. "Tó bá tún wá, sọ fún un pé oníṣẹ́ iná kan ń dúró dè ọ́ nídìí ẹ̀wà."

Mọ̀dínátù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti wọlé.

Ààwẹ̀ dé. Dókítà àti àlùfáà ti sọ fún Mọ̀dínátù pé ààwẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ṣàfíù ń gba tirẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọ̀sán tí kò wá jókòó, tòun ti ètè gbígbẹ, kí olólùfẹ́ rẹ̀ lè jẹun.

"Òórùn ẹ̀wà yìí ò ṣe ọ́ ní nǹkan?"

"Ó ń ṣe mí o. Ẹ̀san tèmi á pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ ni."

Ọkùnrin tó ń ṣe irú èyí ló wá ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìyá rẹ̀, onídìrí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ ń gbé ní Ṣáṣá, bi í léèrè nípa ọmọge tó fẹ́ fẹ́. "Ṣé ó ń gbààwẹ̀ ṣá?" Ṣàfíù rántí pé ìyá yìí kan náà ló kọ ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n òun mú wálé torí pé kì í kírun.

"Ó ń gbà á dáadáa, Ìyá."

"Mú un wá lọ́jọ́ Sunday kí n bá a dirun. Orí ni mo fi ń mọ ènìyàn."

Ṣàfíù mú un lọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Kò sọ fún Mọ̀dínátù ohun tó ti wí fún Ìyá.

Mọ̀dínátù jókòó sórí ẹní, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún Ìyá Ṣàfíù. Ọwọ́ ìyá náà tutù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tutù.

"Kọjú-sọ́kọ ni màá dì fún ọ. Ṣàfíù ní o ò tíì jẹ ọ̀kankan nínú ààwẹ̀ yìí. Mo rí i lára rẹ. Ara rẹ fúyẹ́, ọrùn rẹ gùn. Obìnrin tó bá lè fara da ebi nítorí Ọlọ́run, á lè tọ́jú ilé."

Inú kọ́kọ́ bí Mọ̀dínátù sí Ṣàfíù. Lẹ́yìn náà, kí n má purọ́ fún yín, ìyìn náà dùn mọ́ ọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín nítorí pé kò jẹun. Ohùn àtijọ́ náà dé. "Dákẹ́," ó wí. "Ọ̀sán kan ṣoṣo ni. Ìyá ọkọ rẹ á fẹ́ràn rẹ."

Ṣùgbọ́n ó ti gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀, ẹni tó bá sì gún un gbọ́dọ̀ jẹun lásìkò. Wọ́n ti pe ìrun ọ̀sán, òógùn ti ń bò ó níwájú orí, ìka rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Ó mọ̀ pé tí òun bá dákẹ́ lónìí, òun á dákẹ́ lọ́la, ọ̀nà ọsibítù ló sì ń lọ yẹn.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n jẹun."

Ìlàrí tí Ìyá fi ń la irun dúró lórí rẹ̀. "Kí lo wí?"

"Mo fẹ́ jẹun, mà."

Ìyá rò ó, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Áà, nǹkan oṣù ló dé, àbí? Kí ló dé tó ò sọ? Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ obìnrin."

Ẹ ò rí i bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ gbayawu? Tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí.

"Rárá, mà. Kì í ṣe nǹkan oṣù."

Ìyá di orí rẹ̀ mú, ó yí i padà, ó wo ikùn rẹ̀. "Yéè! Ṣàfíù ti fún ọ lóyún!"

"Ó tì o, Ìyá! Kò tíì fọwọ́ kàn mí!"

"Kí wá ni?"

"Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí, mà. Mi ò gba ẹyọ kan nínú ààwẹ̀ yìí. Tí mi ò bá jẹun báyìí, mo lè dákú sórí ẹní yín. Ó tún ku ọ̀kan, mà. Mo ti fi ebi ṣe ara mi léṣe rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mi ò gbọdọ̀ dá jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ o. Ẹni tó gbààwẹ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó wá jókòó ti ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà. Mo mọ àwọn ìyá ọkọ tí wọn ì bá fi ìlàrí lé e jáde. Ìyá Ṣàfíù gbé ìlàrí sílẹ̀. Ó jókòó. Mọ̀dínátù ṣí abọ́ ẹ̀wà tó gbé bọ̀ láti ilé, apá kan orí rẹ̀ ti di dídì, apá kan dúró ṣánṣán, omijé sì ń já bọ́ sínú ẹ̀wà.

"Ó tán?"

"Ó tán, mà."

"Kí ló kàn?"

"Kí n ṣì wà lọ́dọ̀ yín díẹ̀."

"Padà wá jókòó."

Ó dì í títí ó fi parí.

Nígbà tí Ṣàfíù ń sìn ín lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá ní ìrọ̀lẹ́, Mọ̀dínátù dúró lójú ọ̀nà.

"Ṣé mo jẹ́ ìtìjú fún ọ ni?"

"Ààyò mi, mo fẹ́ kí Ìyá fẹ́ràn rẹ ni."

"Ẹni tí o fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn kì í ṣe èmi. Ẹni tí kì í jẹun ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló fẹ́ pa mí. Má wá bá mi jókòó mọ́."

Ṣàfíù padà sílé bí ẹni tí òjò pa. Lẹ́yìn ìṣínu ó kúnlẹ̀. "Irọ́ ni mo pa fún yín, Ìyá."

"Mo mọ̀. O rò pé àìsàn rẹ̀ ló ń bí mi nínú? Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló yọ aláìsàn kúrò nínú ààwẹ̀, ta ni ìwọ tó o dá a padà sínú rẹ̀? Tó bá kú sí mi lọ́wọ́ ńkọ́?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rù ọmọ bíbí ń bà mí, mi ò ní bò ó. Màá lọ bi í fúnra mi."

Lọ́jọ́ kejì, bí Mọ̀dínátù àti Lucy ṣe fẹ́ jókòó jẹun, ọkọ̀ já Ìyá Ṣàfíù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà estate. Ó di ọwọ́ arúgbó aládùúgbò rẹ̀ kan tó jẹ́ tálákà mú, ẹni tí ọjọ́ orí ti yọ kúrò nínú ààwẹ̀.

"Ẹni tí kò bá lè gbààwẹ̀, tálákà ló ń bọ́," ó wí fún Mọ̀dínátù. "Màá máa mú Ìyá yìí wá títí ààwẹ̀ fi máa parí. Ẹ jọ máa jẹun. Ìyẹn ni pé o ò dá jẹun, o sì ti san ti Ọlọ́run."

Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Dìde. Ṣé o lè bímọ?"

"Wọ́n ní mo lè bí, mà, tí mo bá ń jẹun, tí mi ò fi abẹ́rẹ́ ṣeré."

"Máa jẹun nígbà yẹn." Ó yíjú sí ẹ̀yìn ògiri kan. "Ìwọ tó ò ń yọjú níbẹ̀ yẹn, wá bẹ ọmọ ọlọ́mọ!"

Ṣàfíù jáde wá tòun ti wáyà lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo oníṣẹ́. "Àyìnkẹ́, dárí jì mí. Mi ò ní bo oúnjẹ rẹ mọ́lẹ̀ láéláé."

Mọ̀dínátù fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò ó. "Dìde jàre, ṣòkòtò rẹ ti bàjẹ́." Àyà Ṣàfíù wá balẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n kóra jọ sílé àwọn Mọ̀dínátù ní Ẹ̀gbẹ́dá láti so yìgì. Àlùfáà tó ń wáàsí fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó wáàsí títí oòrùn fi dé àtàrí. Ojú ń ti ìyàwó, kò lè sọ̀rọ̀ láàárín àwọn àgbà. Ìyá Ṣàfíù rí i pé ìka rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó sì dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Ẹ forí jì mí, Àlùfáà. Ìyàwó mi fẹ́ jẹun."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba gbogbo ilé. Ẹnì kan ní irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí. Ìyá gbé abọ́ wá, ó gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́, ó sì jókòó tì í. Ṣàfíù sún mọ́ ọn ní apá kejì. Àlùfáà pa Kùránì dé.

Gbogbo wọn dúró. Mọ̀dínátù jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tán, ó fọ ọwọ́, ó wá ní kí wọ́n máa bá yìgì náà lọ.