Orin Tí Kò Pé Létí Káfíńtà

Lẹ́búlẹ́bú pákó bo irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ méjèèjì gbọn ara kó má bàa kó ìdọ̀tí wọlé. Ọmọbìnrin tó ń ta ẹ̀rọ orin gbójú sókè lẹ́yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kì í ṣe pé ìfẹ́ kọlù ú bí àrá. Ó kàn rí i pé ọkùnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé, ìyẹn sì wù ú.

Káfíńtà ni. Ó ní òun fẹ́ ẹ̀rọ orin kékeré tí òun á máa gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà kó mẹ́ta síwájú rẹ̀. Káfíńtà ti èyí tó jẹ́ gíláàsì lójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí pákó á fọ́ ọ. Èyí tó ní bọ́tìnnì gidi ló mú, tó ṣeé há mọ́ ọrùn ẹ̀wù, tí ènìyàn lè tẹ̀ láì wò ó. Ọmọbìnrin náà fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣàlàyé pé orin yòówù tí òun bá kó jọ síbẹ̀, bí wọ́n bá ti so méjèèjì pọ̀, inú ẹ̀rọ náà ni yóò wọ̀ fúnra rẹ̀. Orin àtijọ́ ni Káfíńtà fẹ́, irú èyí tí bàbá rẹ̀ máa ń gbọ́ nínú rédíò onísípíkà kan ṣoṣo.

Kò pẹ́ tó fi padà wá. Ó ní orin náà kò pé. Obìnrin tó ń kọrin kò sí níbẹ̀, gìtá àti ìlù nìkan ni òun ń gbọ́. Ọmọbìnrin náà ki íápíìsì bọ etí méjèèjì, ó gbọ́ obìnrin náà ketekete. Ó pa orin náà rẹ́, ó tún un kó. Káfíńtà tún dé: obìnrin náà kò tíì wá.

“Ṣé obìnrin yẹn lẹ ń wá ni, àbí èmi?”

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. “Ọ̀kan ti wà níwájú mi. Mi ò bínú mọ́ pé èkejì ò wá.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti parí iṣẹ́, á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, á bá a tún ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì ṣe, wọ́n á sì jọ rìn lọ sílé. Káfíńtà kì í gbà kí ó rìn lápá òsì òun. Ọmọbìnrin náà rò pé nítorí ọkọ̀ ni.

Ilé ìyá ọmọbìnrin náà ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Lọ́jọ́ tí Káfíńtà wá kí i, àga ìyá wà lápá òsì rẹ̀, fáànù sì ń pariwo lókè. Ìyá bi í bóyá yóò tọ́jú ọmọ òun. Káfíńtà ń wo ọmọbìnrin náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá tún bi í. Kò sí ìdáhùn. Nígbà tó lọ tán, ìyá ní òun kò ní fa ọmọ òun lé ẹni tí kò ka òun sí ènìyàn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà bi Káfíńtà pé kí ló dé. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kó má bínú, ó gbé ẹ̀rọ orin sórí tábìlì, ó jáde. Kò padà wá mọ́.

Ọmọbìnrin náà ń gbọ́ ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́, torí kò rí nǹkan mìíràn fi ara rẹ̀ ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ yọ íápíìsì etí òsì kó lè gbọ́ ọ. Lójijì, obìnrin inú orin dákẹ́. Ó ku gìtá àti ìlù. Ó ki í padà, obìnrin náà dé. Ó yọ ọ́, ó tún lọ. Àwọn tó gba orin náà sílẹ̀ nígbà yẹn fi ohùn sí apá òsì, wọ́n kó gìtá àti ìlù sí apá ọ̀tún.

Ó rántí ọ̀nà ilé. Ó rántí àga ìyá rẹ̀, lápá òsì kan náà. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó da apá méjèèjì orin náà pọ̀, ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó sì gba ilé ìlagi tí Káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́ lọ.

Wọ́n ti pa ẹ̀rọ ìlagi, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ó dúró lápá òsì Káfíńtà, ó pè é. Kò yíjú. Ó bọ́ sápá ọ̀tún, ó pè é bákan náà. Káfíńtà ta gìrì.

“Ìgbà wo ni etí yẹn ti di?”

“Ó ti pẹ́. Ariwo ibí yìí ló dí i. Ẹnìkan ti pè mí ní ààbọ̀ èèyàn rí. Mo rò pé tóo bá mọ̀, wàá lọ.”

“Èmi kọ́ ni mo lọ. Ìwọ lo lọ.”

Ó ki íápíìsì bọ̀ ọ́ létí ọ̀tún, ó tẹ bọ́tìnnì. Káfíńtà jókòó. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í rin lẹ́búlẹ́bú ojú rẹ̀.

“Ó ti dé,” ló sọ.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n jọ lọ bá ìyá, ọmọ sì rò ó fún un. Ìyá dìde, ó wọ́ àga rẹ̀ gba àárín yàrá kọjá sápá ọ̀tún Káfíńtà, ó jókòó.

“Mo ní, ṣé wàá tọ́jú ọmọ mi?”

“Màá tọ́jú ẹ̀, mà.”

“Ṣé o gbọ́ mi dáadáa?”

“Mo gbọ́ yín, mà.”

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òun bá fẹ́ bú u, òun á gbé àga òun padà sápá òsì. Káfíńtà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí. Àga náà ṣì wà lápá ọ̀tún.