Ta Ni Yóò Di Okùn Marudan Mú?

Velli dúró láàárín ẹja tí wọ́n sá sórí iyanrìn etíkun Korkai, ó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ lé ẹyẹ, ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun ń dún lọ́rùn rẹ̀. Marudan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú olóko ìrẹsì dé, ń wò ó títí tó fi tẹ ẹja mọ́lẹ̀.

"Ará oko, ẹsẹ̀ rẹ wà lórí ẹja wa."

"Má bínú. Ìrẹsì là ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ báyìí lọ́dọ̀ wa, kí hóró rẹ̀ lè bọ́. Ẹfọ̀n ló ń bá wa tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti rí ọ̀kan lónìí."

Marudan kò padà sóko mọ́.

Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ bí a ti ń mòòkùn wá péálì, ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye inú ìkarahun. Ní etíkun wa, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni ní í di okùn ẹni mú nínú ọkọ̀, nítorí kò ní fẹ́ kí àbúrò òun di opó. Marudan kò ní àna. Attan arúgbó ló ń bá a dì í mú.

Peran, ẹ̀gbọ́n Velli, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Marudan tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ràn. Òkun ló pa bàbá wọn.

"Omi á gbé ará oko yẹn. Ta ni yóò bá ọ sunkún?"

"Ẹ̀yin náà ń mòòkùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń sun ẹkún yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara Attan kò yá. Nínú ọkọ̀, lójú gbogbo ènìyàn, Marudan na okùn rẹ̀ sí Peran.

"Ṣé orí rẹ pé? O mọ ohun tí ò ń béèrè lọ́wọ́ mi yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ jù ú sómi."

Ó gbé okùn lé Peran lẹ́sẹ̀, ó bẹ́ sómi.

Nísàlẹ̀, ó ṣa ìkarahun kún àpò. Èémí tán. Ó fa okùn, okùn kò mira. Okùn náà ti há sábẹ́ àpáta. Ó rántí Velli. Ó tún fà á. Nígbà náà ni okùn le, tí àpáta yẹ̀, tí ó sì gòkè bí ẹja.

Ọwọ́ Peran ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde.

"Òmùgọ̀! Kí ló mú ọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé o fẹ́ sọ àbúrò mi di opó ni?"

Gbogbo ará ọkọ̀ hó ìhó ayọ̀.

Velli ń dúró létí omi.

"Olólùfẹ́, kí ni ẹ̀gbọ́n mi wí?"

"Wọ́n bú mi."

"A dúpẹ́. Àna ẹni ní í bú ni bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n da iyanrìn tuntun sí ojúde. Abiyamọ mẹ́rin da omi òdòdó sórí Velli. Ìyá Marudan ti oko dé. Kò kọ́kọ́ lọ bá ìyàwó. Ọ̀dọ̀ Peran ló lọ, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí okùn ti bó, ó fi kan ojú ara rẹ̀.

Peran wo òkun, ó sì di ọwọ́ ìyá náà mú.

"Ìyá mi," ó ní, "ẹ wá jẹun. Oúnjẹ ń tutù."