Ta Ló Pa Eku Ilé Ìwádìí Oògùn?

Eku ló kọ́kọ́ kú, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe eku tí ológbò pa o. Eku funfun inú àgò ni, èyí tí wọ́n fi ń dán oògùn ibà wò. Oògùn yìí kan náà ló ti wo irú wọn sàn rí, tí wọ́n ń ta pọ́ún-pọ́ún kiri. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n mu ún, ibà ò kúrò lára wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti nà gbọọrọ.

Ọ̀gá ilé ìwádìí náà ní irùngbọ̀n bí igbó kìjikìji. Tó bá ń ronú, á máa fọwọ́ wọ́ ọ lórí ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀: oúnjẹ ni o, omi oògùn ni o. Òun ló kọ ìwé nípa oògùn ibà yẹn. Nínú iṣẹ́ tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ti kọ ṣáájú. Bí wọ́n bá ṣe ń dárúkọ rẹ tó ni iyì rẹ ṣe ń pọ̀ tó. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń dárúkọ ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ti kú, opó tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ po oògùn náà. Orúkọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún bí ìrù ajá.

Àtìgbà tí eku ti kú ni nǹkan ti dojú rú. Ìwé tuntun tí ọ̀gá kọ, wọ́n dá a padà. Àwọn tó gbà nínú oògùn rẹ̀ ní yanrìn lásán ni, kò yọ́ nínú omi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ni ẹnu bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Obìnrin tó ń fọ ìgò ní òun rí ẹyẹ dúdú lórí ihò èéfín, ó kọjú sí yàrá opó gan-an. Ẹni tó ń bọ́ eku ní ẹni tó jẹ ọkọ, ṣé eku ló máa ṣòro fún un? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀gá kó wọn jọ sí yàrá ìkẹ́rù, ó tilẹ̀kùn. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn àgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ni ilé ìwádìí náà gbọ́dọ̀ lé opó, kí wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára oògùn pátápátá.

Wọ́n wá pe opó wọlé, ojú gbogbo wọn sì ni ọ̀gá ti sọ ọ́ sí i létí. “Ìyàwó, o gbé àbúrò mi mì, mo dákẹ́. Orúkọ mi ló wá kàn báyìí. Ìwọ ni àjẹ́ ilé yìí.”

Opó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kí i. “Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ káwọn àgbà wá. Ó wu èmi náà kí wọ́n rí àjẹ́ yẹn.”

Ó jáde, ó ń fi imú kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Wọ́n ní mo jẹ eku, èmi ò jẹ eku,
Tẹ̀rẹ̀rẹ̀.
Wọ́n ní mo jẹ orúkọ, èmi ò jẹ orúkọ,
Tẹ̀rẹ̀rẹ̀.
Ẹni tó jẹ ẹ́ ń bọ̀ wá pọ̀ ọ́,
Tẹ̀rẹ̀rẹ̀.

Ó ti rántí nǹkan. Kí eku tó kú, ọ̀gá rìnrìn àjò lọ sí ilé ìwádìí kan tí wọ́n ti ń po irú oògùn yẹn. Tiwọn le, hóró rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, kì í yọ́ nínú omi, kò wúlò. Àtìgbà tó ti dé ni ti ilé ìwádìí tiwọn náà ti di abẹ́rẹ́. Àwọn apòògùn sì mọ̀ pé hóró kan péré tó bá já sínú omi oògùn tó ń tutù, á kọ́ gbogbo ìyókù ní ìwà ara rẹ̀, bí ìwúkàrà ṣe ń mú ìyẹ̀fun wú. Opó bá yá ilé ìdáná ọ̀rẹ́ rẹ̀, ibi tí ọ̀gá ò dé rí. Ó ra ìgò tuntun, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó po oògùn. Ó jáde ní lúbúlúbú, ó yọ́ bí iyọ̀. Ó fún eku aláìsàn mu. Eku ń jẹun.

Ọjọ́ tí àwọn àgbà jókòó, ó gbé abọ́ omi oògùn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù síwájú wọn, ó mọ́ gaara bí dígí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí lẹ rò sí i?”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sórí abọ́. Ó ronú. Ó fọwọ́ wọ́ irùngbọ̀n.

Omi náà ṣú funfun lójú kan. Abẹ́rẹ́ tíńtìntín ta jáde níbẹ̀, wọ́n sáré dé etí abọ́, gbogbo rẹ̀ dì pa. Obìnrin tó ń fọ ìgò ló figbe ta pé ẹyẹ ọ̀hún rèé o, àgbọ̀n ọ̀gá ló kọ́ ìtẹ́ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá wá sílé opó, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ó ní ilé kan náà ni wọ́n, kó má kọ ọ́ síwèé.

“Orúkọ mi nìkan ni mo ní, ìyàwó mi. Má jẹ́ kó parun.”

“Kò ní parun, Ẹ̀gbọ́n. Mo ṣèlérí.”

Ó sì mú ìlérí ṣẹ. Ó kọ ìwé náà, orúkọ tirẹ̀ ló wà níwájú. Ayé kà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ̀wé nípa bí oògùn ṣe ń bàjẹ́ báyìí, dandan ni kó dárúkọ ọ̀gá, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ba oògùn jẹ́ tó fi pe opó ní àjẹ́. Wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ó fá irùngbọ̀n, àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Wọn ò yéé dárúkọ rẹ̀.

Láràárọ̀, opó á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á kúnlẹ̀ dáadáa, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n tún ti dárúkọ yín.”